Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ADÓJÚTÒFÒ ÀTI ẸNI TÍ Ó FẸ́ FI TÁBÀ SÍLẸ̀

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò pọ̀: ètò adójútòfò ìlera, àti bí ẹni tí ń mu tábà ṣe lè fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti gbogbo Òkè-Ògùn gidigidi, nítorí pé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tábà kì í ṣe ohun tí a ń rà ní ọjà nìkan. Ohun ọ̀gbìn ni, tí àgbẹ̀ fi ń rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tí ó sì fi ń kan páànù sí orí ilé. A kò kọ ẹ̀kọ́ yìí láti bú ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè.

1. Kí ni adójútòfò ìlera?

Ẹni tí ó bá mọ èsúsú ti mọ ìdajì rẹ̀. Nínú èsúsú, gbogbo ẹgbẹ́ a máa dá owó, olúkúlùkù a sì kó tirẹ̀ nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, gbogbo wa ni ó ń dá owó, ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn bá kọlù ni a fi owó náà tọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní ọdún yìí kò pàdánù. Bí ó bá kan òun ní ọ̀la, owó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbè é.

Òfin àkọ́kọ́ lórí ètò yìí jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1999, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2016, èyí tí ó dá àjọ tí a ń pè ní OYSHIA sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, tí ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní agbára, bíi aboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti tálákà.

2. Kí ni tábà ń ṣe nínú ara?

Èròjà kan wà nínú tábà tí a ń pè ní nikotíìnì. Òun ni ó ń sọ sìgá, ìkòkò àti aáṣáà di bárakú. Èéfín tábà a máa ba ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó ń fa jẹjẹrẹ àti àrùn rọpárọsẹ̀, ó sì ń ṣí ọ̀nà fún ikọ́ ife. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé àgbàlagbà tí ń lo tábà tó mílíọ̀nù 4.5.

Àgbẹ̀ tí kò mu sìgá pàápàá kò bọ́. Ẹni tí ó bá já ewé tábà nígbà tí ìrì tàbí òjò ṣì wà lára rẹ̀ lè rí i pé èébì ń gbé òun, òòyì ń kọ́ òun, orí sì ń fọ́ òun. Nikotíìnì ni ó gba awọ ara wọlé. Kí a jẹ́ kí ewé gbẹ kí a tó fọwọ́ kàn án, kí a wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn, kí a má sì ṣe fi ọmọdé ṣe iṣẹ́ náà.

3. Kí ló kan adójútòfò nínú rẹ̀?

Bárakú kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe ìwà burúkú lásán. Ó ní ìtọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn tí ń rọ́pò nikotíìnì sínú ìwé àwọn oògùn kò-ṣeé-máà-ní ní ọdún 2009, ó sì fi oríṣi méjì mìíràn kún un ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kì í lè kó owó oògùn oṣù mẹ́ta jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni àpò àjùmọ̀dá ti wúlò.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin àtúnṣe ìlera ti ọdún 2010 pa á láṣẹ pé kí adójútòfò san owó ìrànwọ́ yìí láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Àlàyé tí ìjọba ṣe ní ọdún 2014 ni pé kí ènìyàn lè gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó ìmọ̀ràn 4 àti oògùn ọjọ́ 90. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn tálákà ní ọdún 2006. Láàárín ọdún méjì àti ààbọ̀, àwọn tí ń mu sìgá nínú wọn dín láti bíi 38 nínú 100 sí bíi 28. Síbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà kan náà gbà kí a bu owó lé owó adójútòfò amusìgá títí dé ìdajì. Ní èrò tiwa, ìrànwọ́ sàn ju ìtanràn lọ, nítorí ẹni tí a bá ń tanràn yóò fi ohun tí ó ń mu pamọ́ fún dókítà.

Owó tí a kò ná sórí ìmọ̀ràn àti oògùn lónìí, a óò ná an ní ìlọ́po sórí rọpárọsẹ̀ ní ọ̀la, láti inú àpò kan náà.

4. Kí ni kí a ṣe?

Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà láti ọdún 2005, àdéhùn náà sì ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Òfin ọdún 2015 kà á léèwọ̀ láti ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, tàbí láti tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn onísọ̀ wa kíyè sí i.

Ẹni tí ó bá ń forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ilé ìwòsàn wo ni a yàn fún mi? Ǹjẹ́ ìmọ̀ràn lórí fífi tábà sílẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ ń san owó rẹ̀? Ǹjẹ́ oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn àgbà ìlú gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ aṣojú wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Kí ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ yan ọjọ́ kan, kí ó sọ fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó le jù. Bí ó bá ṣubú, kí ó dìde tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn yóò ti dín sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tí ń mu ún síbẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èsúsú àti adójútòfò?
(b) Báwo ni àgbẹ̀ ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ewé tábà tútù?
(d) Ohun ọ̀gbìn wo ni ó lè mú owó wá fún wa ní ipò tábà?