Odò Ògùnpa àti Ìlera Àdúgbò

Apá Àṣí, lẹ́bàá Bódìjà ní Ìbàdàn, ni odò Ògùnpa ti ṣẹ̀. Ó gba Agodi kọjá, ó já sí Dùgbẹ̀, ó tún ń lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ará òkè bá jù sínú rẹ̀, ará ìsàlẹ̀ ni yóò gbà á lálejò.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn. Ògùnpa kún, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Omíyalé ni àwọn àgbà ń pe ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Òjò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pàǹtírí tí a dà sódò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi kò jẹ́ kí omi rọ́nà lọ.

Bí omi bá fà tán, àrùn á kù sílẹ̀. Àgbàrá á ti ru ìgbẹ́ ṣáláńgá wọ inú kànga. Ẹni tó bá mu omi bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn onígbáméjì: á máa ya ìgbẹ́ olómi, á máa bì, omi ara rẹ̀ á sì gbẹ láàrin wákàtí díẹ̀. Bí kò bá tètè dé ilé ìwòsàn, ó lè kú. Ẹ lè máa se omi yín, kí ẹ sì máa fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ṣáláńgá aládùúgbò bá ti sún mọ́ kànga yín jù, ewu ṣì wà. Ìdí nìyí tí ìlera fi jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe.

Láàrin àwọn ọdún 1990, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí tí wọ́n pè ní Sustainable Ibadan Project. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò dá ọ̀rọ̀ náà dá ìjọba: ọlọ́jà, ará àdúgbò, olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ ìjọba jọ jókòó sọ ọ́. Ní Òkè-Ọ̀fà Babasàlẹ̀, wọ́n tún ìsun omi ṣe kí aráàlú lè rí omi tó mọ́ pọn. Ní ọjà Bódìjà, ilé iṣẹ́ kan dìde tó ń sọ pàǹtírí ọjà di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ohun tí ì bá dí gọ́tà di ohun tó ń mú àgbàdo yọmọ.

Iṣẹ́ àjọṣe mìíràn ni ìmọ́tótó Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1980. Ó dára, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́ á bọ́ sí gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú, ike àti ọ̀rá píọ́wọ́tà jáde, wọ́n á kó o jọ sétí gọ́tà níbẹ̀. Aago mẹ́wàá á lù, oníkálùkù á wọlé lọ. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo rẹ̀ á padà síbi tó ti wá. Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́. Wọn ò ṣe é parí ni. Wolé-wolé kò sì lè dúró sí ojúlé kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ní ìpàdé àdúgbò yín tó ń bọ̀, ẹ má ṣe dìde títí ẹ ó fi dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí: Ta ni yóò kó ẹrẹ̀ náà lọ? Ọjọ́ wo ni? Èló ni ilé kọ̀ọ̀kan yóò dá?