A Kì í Ṣoore Tán Ká Lóṣòó Tì Í

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù tètè rí i bẹ́ẹ̀. Orí 6 ìwé Ìṣe àwọn Àpósítélì sọ bí àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ṣe kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn dá nígbà ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpósítélì kò ní kí àwọn tó ń kùn lọ gbààwẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò bójú tó oúnjẹ, ìjọ sì mú Sítéfánù, Fílípì àti àwọn márùn-ún mìíràn. Ẹ wo orúkọ wọn: ti Gíríìkì ni méjèèje. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ń fo opó wọn dá gan-an ni wọ́n gbé ṣíbí ìpínjẹ lé lọ́wọ́.

Nínú ìjọ tiwa, àánú kò wọ́n. Ẹni tí iṣẹ́ àánú jẹ́ tirẹ̀ ló wọ́n. Bí ọkọ ọmọ ìjọ bá kú, lọ́jọ́ ìsìnkú, akọrin á pé, Ẹgbẹ́ Ìyá á dáná ìrẹsì, páṣítọ̀ á wàásù ìtùnú, oníkálukú á sì sọ fún opó pé, “Ẹ pè wá o, bí ohunkóhun bá wà.” Ta ni kó pè nínú gbogbo wọn? Kí oṣù kẹta tó pé, onílé ti ń kan ilẹ̀kùn, sáà ilé-ìwé tuntun ti wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ìjọ tún yọjú. Kí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó aláìní kọ ọjọ́ ìsìnkú sínú ìwé, kí wọ́n yan ènìyàn méjì tí yóò máa lọ kí opó náà lóṣooṣù títí ọdún yóò fi yípo. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n má kàn bèèrè pé, “Ṣé dáadáa lẹ wà?” “A dúpẹ́” ni ọmọ Yorùbá máa dáhùn, kódà bí ìkòkò bá dojú dé. “Èló ni owó ilé-ìwé àwọn ọmọ?” ni ìbéèrè tó ní ìdáhùn.

Ti aláìsàn ńkọ́? Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀; J. B. Ṣadare àti Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́, wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí wà lára gbòǹgbò Ìjọ Àpósítélì ti Kristi. Wọn kò gba oògùn láyè. Mo kan sáárá sí àdúrà wọn, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ oògùn. Kí alàgbà tó bá lọ gbàdúrà lẹ́bàá ibùsùn bèèrè ìwé tí dókítà kọ, kó sì ra oògùn náà wá kó tó lọ sílé.

A kì í ṣoore tán ká lóṣòó tì í. Àpò ìrẹsì kan, ayàwòrán méjì, àwòrán sì ti wọ WhatsApp ìjọ kí Màmá tó gbé ìrẹsì délé: oore wo nìyẹn? Wọ́n á gbà á, nítorí ebi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ lè má rí wọn mọ́. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn, kí ẹ sì dákẹ́.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ nìkan tó ohun tí í dá ènìyàn dúró sílé lọ́jọ́ ìsìn. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní apadàsẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a lọ sílé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí opó bá mọ aṣọ rán, òun ni kí a gbé aṣọ akọrin fún, kí a sì san owó rẹ̀ pé lọ́jọ́ tó bá kó aṣọ dé, kí a má sọ ọ́ di ìgbà tí ìkórè bá wọlé.