Orí Kẹjọ: Píkọ́ọ̀pù Tí Iná Rẹ̀ Ń Ṣe Ségesège

Ọkọ̀ tó kú pátápátá rọrùn láti tún ṣe ju èyí tó ń kú, tó ń jí lọ. Èyí tó kú pátápátá, ibi tí àìsàn rẹ̀ wà kò ní kúrò níbẹ̀ títí ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, yóò fi bá a. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tó kọ̀ tí kò sítáàtì láàárọ̀, tí wọ́n tì dé ọ̀dọ̀ ríwáyà lọ́sàn-án, tó wá sítáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń jẹ owó onímọ́tò. Wọ́n á pààrọ̀ bátìrì. Wọ́n á pààrọ̀ kíkì. Wọ́n á pààrọ̀ áltánétọ̀. Kò ní pẹ́ tí nǹkan náà á tún fi dé, àwọn mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò. Nínú orí yìí, a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wá irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí, nítorí kò sí èyí tí kò ní ìdí.

Lọ́kọ́jà la fi ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, ibẹ̀ náà ni olú ilé iṣẹ́ NIWA wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi. Èbúté odò Lọ́kọ́jà wà ní Jámátà, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àbújá. Ẹni tó bá ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹja àti iṣu ní irú etí omi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé wáyà ọkọ̀ ní ọ̀tá mẹ́ta: omi, ooru àti gbígbọ̀n. Ooru Lọ́kọ́jà lóṣù kẹta kọjá àfẹnusọ. Ọ̀nà etí odò kún fún gegele. Ní ti omi, lọ́dún 2012 àti 2022, odò kún àkúnya, ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ti 2022 bo títì Lọ́kọ́jà sí Àbújá mọ́lẹ̀ lápá Kótónkáfì, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ, àwọn awakọ̀ sùn sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀ lè jáde kó ṣì máa ṣiṣẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wáyà á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Kí a tó mú mítà tí a fi ń wọn iná, ẹ jẹ́ ká mọ bí iná ṣe ń rìn nínú ọkọ̀. Iná ń jáde láti orí pọ́sítífù bátìrì, ó ń gba inú wáyà, fíùsì àti súwìṣì kọjá lọ síbi iṣẹ́, yálà gílóòbù tàbí kíkì. Ibẹ̀ ni ìrònú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ padà sí orí nẹ́gátífù kó tó lè ṣe iṣẹ́ kankan, irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn. Òun ni àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ́ẹ̀tì bá ti dípẹtà, ẹ ra gílóòbù tuntun mẹ́wàá, gbogbo wọn á máa ṣẹ́jú ni.

Píkọ́ọ̀pù wá le ju mọ́tò kéékèèké lọ ní ti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jókòó lórí rọ́bà, ilé awakọ̀ náà jókòó lórí rọ́bà, méjèèjì sì wà lórí ṣásí. Rọ́bà kì í gbé iná kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so wáyà ẹ́ẹ̀tì láti bátìrì sí ẹ́ńjìnì, láti ẹ́ńjìnì sí bọ́dì, àti láti bọ́dì sí ṣásí. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn wà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ wọn lójoojúmọ́. Abẹ́ àpótí ẹrù ni wáyà iná ẹ̀yìn náà ń gbà kọjá, níbi tí òkúta ti ń ta bá a. Àmì kan wà tí kì í sábà tan ni jẹ: tí ẹ bá tẹ tírafikétọ̀, tí iná bíréèkì tàbí iná ẹ̀yìn bá ń bá a ṣẹ́jú, ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Iná tírafikétọ̀ kò rí ọ̀nà tirẹ̀ padà, ló bá gba inú gílóòbù mìíràn.

Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù wa ló jẹ́ tòkunbọ̀, yálà Toyota Hilux tàbí òmíràn. Àwọn kan gba èbúté Èkó wọlé, àwọn kan gba Kùtọ̀nú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni omi tí ọkọ̀ ti mu kó tó gbéra. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló rì sómi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé ọjà gbàǹjo. Ẹni tó bá rà á á fọ̀ ọ́, á kùn ún, á sì tà á. Nítorí náà, ẹ má wo ọ̀dà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìpẹ̀kun, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbi tí kì í sábà jáde síta. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Ẹ tú orí wáyà kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù: kọ́pà tó dára máa ń pupa, ó máa ń dán, èyí tó ti mu omi á ní ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé lára. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, náà wà lára rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17. Tí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, a lè fi nọ́ńbà yìí wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó sanwó.

Ká ní ẹ ti ra ọkọ̀ ná, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ségesège. Bírò àti ìwé ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé dé orí yìí ti ní ohun tó lè gbà yín lọ́wọ́ ìnáwó òfo. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ kó tó di ìgbàgbé: ọjọ́, aago, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, bóyá ẹ́ńjìnì gbóná tàbí ó tutù, àti ohun tí ẹ tàn sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ awakọ̀ kan lè lọ báyìí:

Ọjọ́ Ajé, aago 6 àárọ̀. Ìrì sẹ̀. Kíkì dún "kọ́", kò yí. Mo dúró díẹ̀, ó sítáàtì.

Ọjọ́rú, aago 2 ọ̀sán. Oòrùn mú gan-an. Kò sí wàhálà.

Ọjọ́bọ̀, aago 6 àárọ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú. Kíkì dún "kọ́". Iná dáṣíbọọ̀dù rẹ̀wẹ̀sì.

Ìlà mẹ́ta péré, ọ̀nà sì ti là. Ọ̀rinrin òwúrọ̀ ló ń bá ọkọ̀ yìí jà, ooru kọ́. Iná dáṣíbọọ̀dù tó rẹ̀wẹ̀sì tún sọ pé kì í ṣe kíkì nìkan ni iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà tí gbogbo wọn jọ ń gbà ló yẹ ká wò: bátìrì, orí bátìrì, àti ẹ́ẹ̀tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ká kúkú ra kíkì tuntun ni?" Awakọ̀ tó ni àkọsílẹ̀ yẹn ló ń béèrè.

"Ó tì o, àbúrò. Jẹ́ ká fi mítà wò ó ná."

Ìdáhùn àgbà ríwáyà nìyẹn. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi mọ́jú, á fi 12.6 fólítì hàn lórí mítà. Tí ó bá jẹ́ 12.0, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.7; tó bá kéré sí bẹ́ẹ̀, ẹ wo áltánétọ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀. Lásìkò tí kíkì bá ń yí, kò yẹ kó já wá sísàlẹ̀ 9.6. Bátìrì ọkọ̀ yìí yege.

Ríwáyà wá fa hándíbíréèkì, ó rí i pé gíà wà ní nútírà. Ó fi ẹnu dúdú mítà kan orí nẹ́gátífù bátìrì gan-an, ó fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnì níbi tí kò sí ọ̀dà. Ó ní kí awakọ̀ kíìkì. Tí ọ̀nà àbọ̀ bá dára, mítà kò yẹ kó kọjá 0.2 fólítì. Èyí fò dé 1.8. Fólítì tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ kíkì ló ń ṣòfò lójú ọ̀nà yẹn. Ó tú bóòtù tó di wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ́ńjìnì. Lókè, orí wáyà náà mọ́ dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí kò hàn sójú, ti dúdú, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ti bò ó. Ó fi sáńdípépà ha wáyà àti irin títí méjèèjì fi dán, ó dì í padà le, ó fi gíríìsì díẹ̀ bò ó. Wọ́n tún kíìkì: 0.1. Kò sí ẹni tó ra kíkì lọ́jọ́ náà.

Nígbà mìíràn, gbogbo ohun tí mítà bá wò á dára, nítorí pé àìsàn náà kò sí nílé lásìkò yẹn. Àfi ká pè é. Tí ìwé bá sọ pé orí gegele ló ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ máa fọwọ́ mi ìdì wáyà díẹ̀díẹ̀, ìdì kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ jìnnà sí fẹ́ànù àti bẹ́líìtì. Ibi tí iná bá ti ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni kí ẹ tú. Ẹ má gbàgbé ibi tí wáyà ti gba ẹnu ìlẹ̀kùn kọjá. Ṣíṣí àti títì ti ń já a nínú láìhàn síta. Tí ó bá jẹ́ òjò ni ìwé ń dárúkọ, ẹ fi ike afọ́nmi wọ́n omi díẹ̀ sí orí wáyà tí ẹ fura sí. Tí ó bá jẹ́ ooru, ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun lè mú rílé kan, ìyẹn súwìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tàn, gbóná títí á fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójú yín. Wáyà aláwọ̀ òféèfé tó jẹ mọ́ báàgì ìdáàbòbò inú sítíárìn ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá. Báàgì náà lè bú lù yín.

Àwọn kan á ní kí a fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ó dára. Ọkọ̀ kéékèèké àti píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́. Àmọ́ ohun tí ọkọ̀ ń ráhùn lé lórí ni kọ̀ǹpútà máa ń sọ, kì í sọ wáyà tó já. Ẹni tó bá ra ẹ̀yà ọkọ̀ kìkì nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ, ó lè rà á lásán.

Ohun kan wà tí mi ò lè fojú fo. Fíùsì 10 áńpù bá jó, ó tún jó, ni ẹnìkan bá fi ti 30 áńpù rọ́pò rẹ̀, tàbí ó ká wáyà sí ojú ihò rẹ̀. Iná á tàn, inú gbogbo èèyàn á dùn. Ṣùgbọ́n wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí fíùsì yẹn ń dáàbò bò, ni yóò máa gbóná lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù báyìí, títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́. Ọkọ̀ ti jóná ráúráú látàrí èyí, èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Fíùsì tó ń jó léraléra ń sọ pé wáyà kan ń bíríìjì níbì kan, ìyẹn ni pé ó ń kan ibi tí kò yẹ kó kàn. Ẹ wá wáyà náà.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Bóyá ọkọ̀ tiyín lẹ ń wà o, bóyá ti ọ̀gá yín ni, ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ fi sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ohun gbogbo tí iná ọkọ̀ bá ṣe sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ríwáyà, ẹ fún un ní ìwé náà kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́.