Àtọ̀gbẹ àti Ẹ̀jẹ̀ Inú Ojú

Nílé tiwa ní Kàdúná, ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń pè é. Àtọ̀gbẹ ni a bá lẹ́nu àwọn ará ilé. Ìtọ̀ ni orúkọ méjèèjì ń sọ, kò sí èyí tó dárúkọ ojú. Bẹ́ẹ̀ ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tí ń gba ìmọ́lẹ̀. Kì í dunni. A lè ṣì máa ríran kedere.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé? Ní 1961, Harold Novotny àti David Alvis, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Indiana (akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa!), tẹ ọ̀nà kan jáde. A ó fa aró fluorescein sí iṣan apá. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá bíi 10 sí 15, ó ti dé ojú, kámẹ́rà yóò sì máa yà á. Ibi tí aró dé a tàn. Ibi tí iṣan ti dí a ṣókùnkùn. Dókítà a wá wọn bí òkùnkùn náà ti fẹ̀ tó.

OCT angiography òde òní kò nílò abẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń yẹ ibì kan náà wò léraléra. Ohun tó bá yí padà láàárín àwòrán, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn ni. Ṣùgbọ́n kì í fi ibi tí iṣan ti ń jò hàn, aró ní ń fi ìyẹn hàn.