Èèpo Kòkó àti Epo Ọkọ̀: Kíkọ́ni ní Ìmọ̀ Epo Àfohun-Ọ̀gbìn-Ṣe ní Ìdànrè

Ìfáàrà

Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ àti epo tí a ń rà sínú ọkọ̀, orúkọ kan náà ni Yorùbá ń pè wọ́n. Nínú iṣẹ́ yìí, epo àfohun-ọ̀gbìn-ṣe ni a ó máa pe epo tàbí gáàsì ìdáná tí a rí láti ara irúgbìn, ewéko tàbí ìgbẹ́ ẹran, kí ó lè yàtọ̀ sí epo rọ̀bì tí a ń wà láti inú ilẹ̀. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ó wà ní Ìdànrè kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí àpẹẹrẹ tí yóò lò.

Gáàsì àti ọtí

Ti gáàsì kò ṣòro: a ó dé ìgbẹ́ ẹran àti omi mọ́ inú ohun tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò sì tú u palẹ̀ di gáàsì tí ń jó.

Ní ti ọtí, ìwúkàrà ni ó ń sọ ṣúgà di ọtí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹmu. Bí a ó bá lo ẹ̀gẹ́, a ní láti kọ́kọ́ sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di ṣúgà. Lẹ́yìn náà ni a ó sè é bí àwọn tí ń pọn ògógóró ti ń ṣe. Ọtí ń di oru ní nǹkan bí 78 sẹ́ńtígíréèdì, ṣùgbọ́n ó di 100 kí omi tó hó. Síbẹ̀, sísè nìkan kò lè mú ọtí náà kọjá nǹkan bí ìdá 96 nínú 100. A gbọ́dọ̀ yọ omi tí ó kù kí a tó pò ó mọ́ pẹtiróòlù. Ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ gbé jáde ní 2007 fẹ́ kí ọtí jẹ́ ìdá 10 nínú 100 epo ọkọ̀, ẹ̀gẹ́ àti ìrèké sì wà lára ohun tí ó gbójú lé. Ní tiwa, kò bójú mu kí ọkọ̀ máa bá ènìyàn du gàrí.

Eérú, òróró àti omi

Ti dísẹ́ẹ̀lì ni ó kan Ìdànrè jù. Ìlú kòkó ni, bí àgbẹ̀ bá sì fọ́ kòkó tán, èèpo rẹ̀ a di òkìtì tí ń jẹrà nínú oko, tí àrùn tí ń mú kòkó dúdú sì lè ti ibẹ̀ ràn. Àwọn ìyá wa mọ ìwúlò rẹ̀. Wọ́n á sá a, wọ́n á jó o di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sì sè é pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Pọ́táṣíọ̀mù tí ó pọ̀ nínú eérú yìí ni ó ń tú òróró palẹ̀.

Òróró dà bí ọwọ́ kan tí ó di okùn mẹ́ta mú: gílísẹ́rìn ni ọwọ́, ásíìdì ọ̀rá ni okùn. Bí eérú bá tú okùn náà sílẹ̀ nínú omi, ọṣẹ ni yóò dà. Bí ó bá jẹ́ nínú ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, dísẹ́ẹ̀lì ni. Nínú ọṣẹ, pọ́táṣíọ̀mù inú eérú wọ inú ọṣẹ lọ. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, ó kàn ń mú kí iṣẹ́ yá ni, ìdí nìyí tí a fi pè é ní amúṣẹ́yá. Bí a bá mú 100 kìlógíráàmù òróró àti nǹkan bí 10 kìlógíráàmù mẹ́tánọ́ọ̀lù gbóná dé nǹkan bí 60 sẹ́ńtígíréèdì pẹ̀lú amúṣẹ́yá, nǹkan bí 100 kìlógíráàmù dísẹ́ẹ̀lì ni yóò lé sókè, nǹkan bí 10 kìlógíráàmù gílísẹ́rìn yóò sì rì sísàlẹ̀. Ní 2017, Eriola Betiku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa bí wọ́n ṣe fi eérú èèpo kòkó sọ òróró dóńgóyárò di dísẹ́ẹ̀lì.

Omi ni kí olùkọ́ tẹnu mọ́ jù. Ẹni tí ń se ọṣẹ kò lè ṣe é láìsí omi. Ẹni tí ń ṣe dísẹ́ẹ̀lì, bí omi bá wà nínú òróró rẹ̀, tàbí tí òróró náà bá ti kan, ọṣẹ ni yóò bá nínú ìkòkò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ ro ọṣẹ rí yóò tètè lóye èyí ju ẹni tí ó há a sórí lọ.

Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ sẹ́ omi eérú èèpo kòkó, kí ó ki bébà lítímọ́ọ̀sì pupa bọ̀ ọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wò ó bí yóò ti di àwọ̀ aró. Omi eérú náà lè bó ènìyàn lára, nítorí náà kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ṣíṣe dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, kí ó má dán an wò níbẹ̀: májèlé ni mẹ́tánọ́ọ̀lù, ó lè fọ́ ènìyàn lójú, ó sì ń tètè gbiná.