Ta ló tẹ́ní sí ibùba?

"Àwọn agbófinró ti ya wọ ibùba àwọn ajínigbé, wọ́n bá ẹní, ìkòkò ọbẹ̀ àti ike omi níbẹ̀." Irú ìròyìn báyìí ti di ohun tí rédíò fi ń jí wa láàárọ̀. Inú mi dùn pé ọwọ́ tẹ àwọn olubi náà o, ṣùgbọ́n kí ni ìkòkò ọbẹ̀ ń wá ní ibùba? Ta ló tẹ́ní síbẹ̀? Ọdẹ tó bá dáná ọbẹ̀ sí ibùba, òórùn irú àti èéfín rẹ̀ ni yóò lé gbogbo ẹran inú igbó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo ti ń fara dà á tẹ́lẹ̀. Ìwàásù kan ló wá tì mí débi tí mo fi gbé kálàmù. Ògèrè Rẹ́mọ ni mo ti gbọ́ ọ, ìlú tí ọ̀rọ̀ àdúrà kò ṣàjèjì sí rárá, nítorí ibẹ̀ ni Josiah Oshitelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930. Ìjọ mìíràn ni mo ń sọ, ẹ má gbé e ka àwọn yẹn lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni oníwàásù ọ̀hún, ohùn rẹ̀ ròkè, aṣọ rẹ̀ funfun nini. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Jésù ni ibùba mi!" Gbogbo ìjọ gbè é pé, "Ibùba mi!" Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú mi nìkan ni kò gbè é. Ó yíjú wò mí, ó rọra béèrè pé, "Ta ló ń ba dè?" N kò mọ orúkọ ìyá náà títí dòní, àmọ́ mo ti fi í jẹ ọ̀gá àgbà olùkọ́ èdè nínú ọkàn mi.

Ibi ìsádi ni ọmọkùnrin yẹn ní lọ́kàn. Ìsádi ń bẹ, ààbò ń bẹ, odi ń bẹ, àpáta ń bẹ. Sáàmù kún fún wọn. Kí ló wá gbé e dé ìdí ọ̀rọ̀ ọdẹ?

Nítorí ọ̀rọ̀ ọdẹ ni ibùba, ọ̀rọ̀ ogun sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí kò nílò kí n máa tú ibùsùn, ibùjókòó àti ibùgbé fún yín. Ba tó wà nídìí rẹ̀ ló yẹ kí á dúró tì díẹ̀, òun ni àwọn èèyàn ti gbàgbé. Ẹkùn a máa ba. Ológbò a ba nídìí àpò àgbàdo, ara rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìrù rẹ̀ nìkan ni yóò máa mì. Ẹni tó jẹ gbèsè, tó gbọ́ ohùn olówó lẹ́nu ọ̀nà, tó wá yọ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ba. Ó sá pamọ́ ni. Ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, tó lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun náà kò ba. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, wọ́n sì ń bẹ Ọlọ́run kí onítọ̀hún kọjá. Ẹni tó ba ń bẹ Ọlọ́run kí ó wá.

Ìdí nìyẹn tí ba fi máa ń fa dè mọ́ra: ó ba dè é. Ẹ má fi lúgọ dí mi lọ́wọ́. Lúgọ ń gbé àdúgbò kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn lè lúgọ nítorí ìbẹ̀rù, ó sì lè lúgọ nítorí ìkà. N kò tíì rí ẹni tí ìbẹ̀rù mú kó ba.

Oníwàásù wa ì bá ti rí gbogbo èyí nínú Bíbélì ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Kó ṣí Jóṣúà orí 8. Jóṣúà kó ọmọ ogun sẹ́yìn ìlú Áì lóru, ó kó ìyókù lọ síwájú ìlú, ó ṣe bí ẹni tó ń sá, ará ìlú tú jáde lé e, àwọn tó ba lẹ́yìn sì dìde, wọ́n ti iná bọlé. Ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ibùba. Bí Jésù bá wá jẹ́ ibùba ẹnìkan, a jẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ ti ibẹ̀ yọ sí ọmọnìkejì rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo tún un rò, tí mo rántí gbogbo "kú, kú" tí àwọn kan ń pè mọ́ ọ̀tá lóru, mo ní bóyá ọmọkùnrin náà tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Nínú oko ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọdẹ tó fẹ́ pa àparò kì í dúró de oòrùn. Ìdájí ni àparò ti máa ń ké, yóò sì tún ké nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní ìjókòó kí àkùkọ tó kọ tán. Á gé imọ̀ ọ̀pẹ, á fi dí iwájú, á fi àlàfo tó gba ẹnu ìbọn sílẹ̀, á wá kọjú sí ibi tí wọ́n ti roko tí ilẹ̀ sì mọ́. Kò ní wúkọ́. Kò ní gbá ẹ̀fọn. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é, kó kúkú sùn sílé. Ẹ̀yin ń fi òwe bá agbéraga wí pé gbogbo àparò ló ga bákan náà àfi èyí tó gun orí ebè. Ọdẹ tó wà ní ibùba kò pa òwe kankan, èyí tó gun orí ebè yẹn gan-an ló ń retí, torí òun ni ìbọn yóò rí.

Orí ilẹ̀ ni ti àparò. Bó bá jẹ́ ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń wá jẹ èso tó bọ́ sídìí igi lóru, ọdẹ a gun òkè, a di igi mọ́ ẹ̀ka, a jókòó lé e. Ẹ̀gùn ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹran kì í sáábà gbójú sókè, ohun tó bá wà lókè orí rẹ̀ kò kàn án. Mo gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan pe ẹ̀gùn ní "pẹpẹ orí igi". Ó yé mi, mo sì dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹ̀gùn ṣì wà láàyè, ẹ má tíì sin ín.

Kí n tó kúrò nínú igbó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ọdẹ a ki ẹ̀tù sínú ìbọn láti fi pa ẹtu, nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ẹtù ni yóò bá pàdé, ẹyẹ tí àwọn mìíràn ń pè ní awó. Ẹni tó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láìfi àmì sí i ti da ẹran, ẹyẹ àti ohun tó pa wọ́n sínú àpò kan, ká má tíì dárúkọ ẹtù aṣọ òkè.

Lẹ́tà kan láti Georgia ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ibùba ṣì níṣẹ́ ṣe. Ọmọ Ògèrè ló kọ ọ́. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló mú un lọ dẹ tòlótòló ìgbẹ́. Ó ní ìdájí làwọn wọ inú àgọ́ aláṣọ kékeré kan tí wọ́n ya ewé sí lára, àwọn jókòó lórí àga tó ṣe é ká, ọ̀kan nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ha pátákó láti fi pe ẹyẹ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ni ká máa pe àgọ́ náà ní Yorùbá? Òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú. Orúkọ tí Òyìnbó ń pè é bá orúkọ tí wọ́n ń pe afọ́jú mu láìku lẹ́tà kan, ni ọmọ wa bá ń pè é ní "ilé afọ́jú" fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ilé afọ́jú! Ibi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ jù láyé!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ tòlótòló lọ́jọ́ Kérésì nìkan, Amẹ́ríkà ni igbó baba rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ará Sípéènì ti kó o lọ sí Yúróòpù ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, kó tó di ohun tí à ń sìn lẹ́yìnkùlé. Tinú igbó kò lọ́ra bíi tiwa. Ó ń fò, orí igi ló ń sùn, ojú rẹ̀ mú gan-an, ó sì mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí tí ọdẹ ibẹ̀ fi ń wọ aṣọ aláwòrán ewé nìyẹn. Nígbà ìrúwé, láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, akọ a máa ké kiri láti wá abo. Ọdẹ a fi pátákó ṣe ohùn abo, akọ a dáhùn lórí igi tó sùn sí, a sọ̀ kalẹ̀, a gbéra, a fẹ ìrù, a máa bọ̀ wá bá ìyàwó tí kò sí. Ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù lọ, akọ ni òfin gbà kí á pa lásìkò yẹn, torí pé àsìkò náà ni abo ń sàba.

Sàba! Èmi gbà pé ba kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo adìyẹ lórí ẹyin: ara rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀, kò mì, ojú rẹ̀ là, ohun tí kò tíì dé ló ń dúró dè. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa kó kọ̀wé sí mi, kó sáà mú ẹ̀rí tó lágbára ju tèmi dání. Lówùúrọ̀ kan ṣoṣo ní Georgia, ọdẹ ba nínú àgọ́, abo tòlótòló sàba nínú koríko, akọ nìkan ló ń yan ní gbangba.

Nítorí náà, ọmọ mi, ibùba ni. Bí o bá fẹ́ kó yàtọ̀ sí onímọ̀ ọ̀pẹ tàwọn baba rẹ, pè é ní àgọ́ ibùba. Kí o sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ó ku rédíò. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba ẹ̀gbẹ́ Ògèrè kọjá, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń sinmi níbẹ̀ sì mọ ohun tí ibùba jẹ́ láìṣí ìwé kankan. Inú igbó etí ọ̀nà tí ajínigbé ti ń yọ sí mọ́tò ni ibùba. Ibi tí wọ́n ń kó èèyàn lọ, tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń fi fóònù béèrè owó ìtúsílẹ̀, ibùdó ni, àgọ́ ni, ibi ìsápamọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ibùba wọn wà níwájú yẹ kó yí mọ́tò padà. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ibùdó wọn wà níbì kan yẹ kó lọ ké sí Àmọ̀tẹ́kùn.

Mo tilẹ̀ lérò pé Àmọ̀tẹ́kùn ni yóò gbè mí lẹ́yìn. Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbé e kalẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù kìíní ọdún 2020, ẹranko tó mọ bí a ti ń ba ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀pọ̀ ọdẹ ló sì wà nínú wọn. Mo bá ọdẹ kan sọ̀rọ̀, mo ní kó bá mi dá sí i. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, a ti mọ ibùba wọn, ẹ̀yìn odò yẹn ni wọ́n ń sùn sí."

Ń sùn sí! Lẹ́nu ọdẹ!

Ó dáa. Mo gbà fún rédíò. Bí ọdẹ fúnra rẹ̀ bá ti tẹ́ní sí ibùba, kí lèmi, tí n kò pa ju eku ilé lọ rí, tún ń jà lé lórí? Ọdẹ gan-an ń ṣí géètì fún mọ́tò olówó báyìí, ó ti pẹ́ tó ti rí ẹran kẹ́yìn, a kò sì gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti oníwàásù nìkan ni n kò gbà, ìyá àgbà yẹn kò sì ní jẹ́ kí n gbà.

Àwọn oníròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ń bẹ o, tí wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, tí wọ́n sì ń ju àmì síbi tó bá wù wọ́n. Mo rí i kedere lára àkọlé kan: "Ọlọ́pàá ya wọ bùbá àwọn ọ̀daràn." Mo ń retí ìròyìn ṣòkòtò.