Gbígbé Jíìpù Sókè: Ohun tí Òfin Ń Wọ̀n ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ mú dé ikùn lójú ọ̀nà oko nígbà òjò yóò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn ga. Jíìpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ikùn rẹ̀ bá ti jókòó lé ilẹ̀, asán ni agbára náà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí gbígbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè ti di òwò ńlá, òfin kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí òfin ń bèèrè ni pé: báwo ni ó ti ga tó, àti pé láti ibo dé ibo ni a ti wọ̀n ọ́n?

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gbé e. Èkínní ni táyà ńlá. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé táyà tí ó fi íǹṣì 4 ga ju ti àtijọ́ lọ kò lè gbé ọkọ̀ sókè ju íǹṣì 2 lọ, nítorí ìdajì gíga táyà ni ó wà láàárín ilẹ̀ àti ọ̀pá tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí. Táyà ńlá a sì máa tan aago eré jẹ. Bí a bá yọ táyà íǹṣì 30, tí a fi ti íǹṣì 33 rọ́pò rẹ̀, nígbà tí aago bá wí pé máìlì 60 ni ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan, máìlì 66 ni ó ń sá ní tòótọ́. Ọlọ́pàá kò sì ní gba àwáwí aago. Ọ̀nà kejì ni láti pààrọ̀ sípíríngì tàbí kí a fi irin tì í sókè. Ẹ̀kẹta ni láti gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí ṣáṣí, èyíinì ni egungun irin tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, kí a sì ki ohun ìtìlẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì.

Nínú gbogbo èyí, ewu wà. Bí ọkọ̀ ti ń ga sí i ni ìwúwo rẹ̀ ń gòkè, tí ó sì rọrùn fún un láti dojú dé nígbà tí awakọ̀ bá ṣẹ́ ọwọ́ lójijì. Bí ó bá kọlu ọkọ̀ kékeré, bọ́ńpà rẹ̀ tí ì bá kan bọ́ńpà yóò gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá ẹni tí ó jókòó nínú ilé ọkọ̀. Ẹni tí kò gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sókè rárá ni yóò jìyà jù.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ní California, ṣáṣí ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn a gbé ọkọ̀ láìsí ẹrù sórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọn a sì wọn ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lára ṣáṣí, ní agbedeméjì ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán, kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 23 lọ. Fún ọkọ̀ mìíràn, ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é fọwọ́ sí fún ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ni a ó wò: bí kò bá ju 4,500 páùn lọ, íǹṣì 27, títí dé 7,500, íǹṣì 30, títí dé 10,000, íǹṣì 31. Ilẹ̀ inú ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi ju íǹṣì 5 lọ ga ju òkè ṣáṣí. Iná iwájú pàápàá ní ààlà: íǹṣì 54.

Ní North Carolina, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láìsí ìwé àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ju íǹṣì 6 lọ gbé ọkọ̀ èrò ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà kan jáde láàárín àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè tí ìdí rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀, bí ajá tí ó jókòó. Awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í rí ọmọdé tí ó wà níwájú rẹ̀, iná rẹ̀ a sì máa kọ sójú àwọn tí ń bọ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021, òfin ibẹ̀ sọ pé etí féńdà iwájú kò gbọdọ̀ fi íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti ẹ̀yìn. Virginia ṣe irú òfin kan náà ní oṣù Kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan kú ní oṣù Kejì nínú ìjàǹbá tí irú ọkọ̀ yìí wà nínú rẹ̀. South Carolina tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2023. Níbẹ̀, ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 100 dọ́là.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ń dé etíkun wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra jíìpù ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀: ìwé kékeré kan wà tí a lẹ̀ mọ́ òpó ibẹ̀, tí ó sọ ìwọ̀n táyà tí a fi ṣe ọkọ̀ náà. Kí ó fi wé èyí tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, kí ó wò bóyá irin àjèjì wà lórí sípíríngì tàbí láàárín ṣáṣí àti ara ọkọ̀, kí ó sì wo rọ́bà tí epo bíréèkì ń gbà kọjá bóyá ó ti nà tán. Bí ó bá ti nà, mẹkáníìkì ni kí ó kọ́kọ́ pè kí ó tó ka owó fún ẹni tí ń tà á.